Lẹ́ńsì kékeré tí kì í jẹ́ kí n ríbi sá pamọ́ sí

Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí mo ti ń fi lẹ́ńsì yìí ṣiṣẹ́ kí n tó jókòó kọ ohun tí mo mọ̀ nípa rẹ̀. 50mm ni (nọ́ńbà yìí ló ń sọ bí lẹ́ńsì ṣe ń fa ohun súnmọ́ni tó), ojú rẹ̀ sì lè là dé f/1.8 (bí nọ́ńbà ẹ̀yìn f bá ṣe kéré tó ni ojú rẹ̀ ń là tó). N kò ní dárúkọ iléeṣẹ́ tó ṣe tèmi, torí kò ní yí ọ̀rọ̀ mi pa dà: Canon ń ṣe irú rẹ̀, Nikon ń ṣe é, Sony náà ń ṣe é, wọ́n sì jọra bí ọmọ ìyá. Àlòkù ni mo ra tèmi. Ike ló pọ̀ jù lára rẹ̀, ó sì fúyẹ́ débi pé nígbà tí mo kọ́kọ́ gbé e dání, mo rò pé wọ́n gbàgbé láti fi gíláàsì sí i nínú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí mo jẹ́, kí ẹ lè mọ bí ẹ ó ṣe wọn ọ̀rọ̀ mi. Mọ́ńdè sí Fúráìdè, ìwé ìṣirò owó ni mò ń tọ́jú ní ọ́fíìsì. Sátidé àti Sọ́ńdè ni mo máa ń gbé kámẹ́rà kọ́rùn: ìgbéyàwó, ọjọ́ ìbí, ẹni tó fẹ́ fọ́tò tó máa fi wáṣẹ́, nígbà míì ìsìnkú. N kì í ṣe ọ̀gá nídìí iṣẹ́ yìí, n kì í sì í ṣe ọmọdé níbẹ̀ mọ́. Bí ẹ bá ń wá ẹni tó máa ya bíríkì ara ògiri kó lè fi hàn yín bí igun fọ́tò ṣe mọ́ tó, ẹ máa wá a lọ.

Ìmọ́lẹ̀ ni mo torí ẹ̀ rà á. Lẹ́ńsì tó máa ń bá kámẹ́rà wá nínú páálí, bí ẹ bá fà á dé 50mm tàbí 55mm, ojú rẹ̀ kì í sábà là ju f/5.6 lọ. Láti ibẹ̀ dé f/1.8 dà bí ohun kékeré lójú ẹni tó ń ka nọ́ńbà, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ tó ń gba inú èyí wọlé fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́wàá. Nínú gbọ̀ngàn tí iná rẹ̀ ń ṣe bàìbàì, níbi tí lẹ́ńsì inú páálí ti máa ní kí ẹ fi 1/10 ìṣẹ́jú àáyá ya fọ́tò, tí gbogbo ọwọ́ tó bá mì á sì di èéfín, èyí á jẹ́ kí ẹ fi 1/100 yà á. Ẹ kò ní nílò fíláàṣì.

Ìsìnkú kan ló sún mi dé ìdí rẹ̀. Opó náà dìde láti sọ̀rọ̀ nípa ọkọ rẹ̀. Ó ka ìlà méjì nínú bébà tó mú lọ́wọ́, ohùn rẹ̀ já, ó dúró. Gbogbo ilé pa lọ́lọ́. Bébà yẹn ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì mọ̀ pé fọ́tò rèé. Mo tẹ kámẹ́rà, fíláàṣì bù yẹ̀rì! Gbogbo orí yí sí mi, opó náà sì ń ṣẹ́jú bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun. Ó ká bébà náà sí méjì, ó lọ jókòó. Kò sẹ́ni tó bá mi wí. Àwọn ọmọ rẹ̀ tiẹ̀ sọ lẹ́yìn náà pé fọ́tò yẹn dára. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni mo ra lẹ́ńsì yìí.

Àléébù rẹ̀ àkọ́kọ́ wà nínú ẹwà rẹ̀ gan-an. Bí ẹ bá là á dé f/1.8, tí ẹni tí ẹ ń yà sì wà ní nǹkan bíi mítà kan sí yín, ibi tó máa mọ́ kedere kò ju sẹ̀ńtímítà mẹ́ta sí mẹ́rin lọ. Ẹyinjú á mọ́ gaara, etí á ti di òwú. Àwọn oníbàárà fẹ́ràn rẹ̀: ẹ̀yìn á di ìkùukùu, gílóòbù iná á di roboto roboto bí ìlẹ̀kẹ̀. Àmọ́ ẹ fi ya ẹni méjì tí orí ọ̀kan yọ síwájú díẹ̀, ẹ ó ríjà. Mo fi ya ìyá àgbà kan àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ tó di mọ́ ọn lọ́rùn. Ọmọ náà mọ́ kedere; ojú ìyá, tí kò fi ju ìbú ọwọ́ kan lọ sẹ́yìn, ti wọ inú ìkùukùu lọ. N kò rí i lójú gíláàsì kékeré tó wà lẹ́yìn kámẹ́rà. Alẹ́ tí mo gbé e sórí kọ̀ǹpútà ni mo tó rí i, n kò sì ní irú rẹ̀ míì. Ẹ̀rọ orí kọ̀ǹpútà kan wà lóde báyìí tí wọ́n ní ó lè mú kí ojú tó bá ṣú nínú fọ́tò mọ́ kedere. Mo dán an wò. Ó ya ojú kan fún mi, ojú arúgbó tó rẹwà, gbogbo ìlà rẹ̀ pé, ṣùgbọ́n ojú ìyá náà kọ́. Imú rẹ̀ sàn ju tìyá lọ. Mo jókòó síwájú àwòrán yẹn fún ìgbà pípẹ́, torí mo mọ̀ pé bí mo bá fi ránṣẹ́, ó ṣeé ṣe kí wọ́n má fura. Ọdún mélòó kan sí i, ojú yẹn ni ọmọ náà á máa rántí. Mo pa á rẹ́, mo pè wọ́n, mo jẹ́wọ́, mo sì dá díẹ̀ pa dà nínú owó wọn. Láti ìgbà náà, bí èèyàn bá ti ju ẹyọ kan lọ, mo máa ń dì í sí f/4.

Àwọn àléébù tó kù, kíá: bí ibi bá ṣókùnkùn gan-an, ó máa ń wá ojú èèyàn lọ sí iwájú, lọ sí ẹ̀yìn, kó tó mú un. Tèmi ń dún tó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, ariwo náà sì ń wọ inú fídíò. Etí ohun dúdú tó bá wà níwájú ìmọ́lẹ̀ líle á máa yọ àwọ̀ àlùkò ní f/1.8, ẹ dì í díẹ̀, á dín kù. Òjò kò gbọdọ̀ pa á. Nínú yàrá kékeré, bí wọ́n bá ní kí ẹ ya ẹbí ẹni mẹ́wàá, ẹ̀yìn yín á kan ògiri, ẹni mẹ́rin á sì ṣẹ́ kù síta. Ẹ gbé lẹ́ńsì míì dání.

Èyí tó gba àlàyé ni pé kò ní súùmù. Lórí kámẹ́rà tí sẹ́ńsọ̀ rẹ̀, ìyẹn ohun tó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú rẹ̀, kéré bíi tèmi, ìwọ̀nba ohun tí 75mm tàbí 80mm ń kó sínú fọ́tò ló ń kó. Bí ẹ bá fẹ́ kí ojú èèyàn tóbi sí i, ẹ̀yin lẹ máa rìn lọ bá a.

Kí n tó rà á, 70-300mm, lẹ́ńsì gígùn tó ń fa ohun tó jìnnà súnmọ́ni, ni mo ń gbé kiri, mo sì mọ̀ ọ́n lò bí ọdẹ. Níbi ìgbéyàwó kan, mo rí ọkùnrin kan lápá ẹ̀yìn, ó ti bọ́ bàtà, ó fi orí lé ọwọ́, àwọn èèyàn sì ń jó lẹ́yìn rẹ̀. Òdìkejì gbọ̀ngàn ni mo ti yà á. Ó dára, ẹ má parọ́ fún mi, ó dára gan-an. Mo gbé e sójú ìwé mi lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn èèyàn ń yìn mí. Lọ́jọ́ kẹta, àbúrò rẹ̀ obìnrin kọ̀wé sí mi: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá wa yọ fọ́tò ẹ̀gbọ́n mi kúrò. Ohun tó ń bá a fínra, a ò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.” Ìṣẹ́jú márùn-ún kò pé tí mo ti yọ ọ́. Àwọn tó ti gbà á, tí wọ́n ti fi ránṣẹ́ síra wọn ńkọ́? Òfin kò mú mi, wọ́n pè mí síbẹ̀ láti wá ya fọ́tò. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ni pé ọkùnrin yẹn kò mọ̀ rárá pé ẹnì kan ń wo òun.

Pẹ̀lú 50mm, kí n tó lè ya ọkùnrin yẹn láti àyà sókè, mo gbọ́dọ̀ dúró ní bíi mítà kan àbọ̀ sí i. Ó máa gbóhùn bàtà mi. Ó máa gbójú sókè. Láti ibẹ̀, ohun méjì péré ló kù: kí n kí i, tàbí kí n kọjá lọ bí ẹni tó ń wá ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Mo ti ṣe méjèèjì.

Ẹ má rò pé mo ń sọ pé ẹni tó bá ti súnmọ́ èèyàn ti di olóòótọ́. Lọ́dún 1936, ní Nipomo ní California, onífọ́tò ará Amẹ́ríkà kan, Dorothea Lange, rìn lọ bá obìnrin kan tó jókòó sábẹ́ àgọ́ pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀. Ó ń yà á, ó ń súnmọ́ ọn, títí tó fi ya èyí tí gbogbo ayé wá mọ̀. Kò béèrè orúkọ rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ọdún púpọ̀. Ó di ọdún 1978 kí ayé tó mọ̀ pé Florence Owens Thompson ni obìnrin náà ń jẹ́, inú rẹ̀ kò sì dùn sí fọ́tò tó sọ ọ́ di àwòrán òṣì fún gbogbo èèyàn, tí kò mú nǹkan kan wọlé fún un. Lange súnmọ́ ọn ju bí èmi ṣe ń súnmọ́ ẹnikẹ́ni lọ. Ẹsẹ̀ nìkan ni lẹ́ńsì lè mú dé ibẹ̀. Ẹnu kò sí lára ohun tí wọ́n ń tà mọ́ ọn. Ìwé kékeré kan wà nínú báàgì kámẹ́rà mi báyìí tí mo ń kọ orúkọ sí. Ìwé ìṣirò ti mọ́ mi lára, kò nira fún mi.

Ṣùgbọ́n béèrè-kí-n-tó-yà yìí ti kó mi sí wàhálà rí. Ìyàwó tuntun kan wà nínú yàrá kékeré, bàbá rẹ̀ wọlé. Kò sọ nǹkan kan, ó kàn lọ sẹ́yìn rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í de bọ́tìnì aṣọ náà. Bọ́tìnì yẹn kéré bí orí ìṣáná, ọwọ́ bàbá náà sì tóbi, ó ń yọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ó ń tún un bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó dé bí ìkẹrin, omi ti dà lójú ọmọ. Ìwọ̀n apá méjì péré ni mo fi jìnnà sí wọn. Mo gbé kámẹ́rà sókè díẹ̀, mo fi ojú béèrè. Ìyàwó tuntun náà mi orí pé rárá. Mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀, mo jáde síta lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mo kó fọ́tò lọ fún un. Ó yẹ gbogbo rẹ̀ wò tán, ó ní, “Èyí tí Dádì ń de bọ́tìnì mi dà?”

Mo ní, “Ẹ mi orí sí mi pé kí n má yà á.”

Ó dákẹ́. Ó ní, “Mo mọ̀. Mo rò pé ẹ máa yà á náà ni.”

N kò tíì mọ ohun tó yẹ kí n ṣe títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Onífọ́tò àgbà kan tí mo rò ó fún ní kí n máa yà á ná, kí n pa á mọ́, kí n wá béèrè nígbà tí ara bá ti rọ̀ wọ́n. Ó mọ́gbọ́n wá, mo sì mọ àwọn tó ń ṣe é. Ẹni tó bá sọ pé rárá lójú mi, tí mo wá tẹ kámẹ́rà mọ́ ọn, kí ló máa jẹ́ kó gbà mí gbọ́ bí mo bá ní mo máa pa á rẹ́? Mo ṣì ń rí ọwọ́ bàbá yẹn lójú mi. Èmi nìkan ni fọ́tò náà wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n pa dà sórí lẹ́ńsì. Ojú rẹ̀ mú. Ní f/4, kò sí ihò ara tí kò ní kà lójú èèyàn, èyí sì ń bí ìjà mìíràn: àtúnṣe. Àwọn oníròyìn ní òfin tiwọn. Lọ́dún 2015, iléeṣẹ́ ìròyìn Reuters sọ fún àwọn onífọ́tò tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n yé fi fọ́tò tí wọ́n ti inú RAW (fáìlì tútù tí èèyàn ṣì máa ṣe fúnra rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà) ṣe ránṣẹ́, JPEG, fọ́tò tí kámẹ́rà fúnra rẹ̀ ti ṣe parí, ni kí wọ́n máa fi ránṣẹ́. Onífọ́tò ìparí ọ̀sẹ̀ kò ní ọ̀gá tó máa ṣòfin fún un. Èyí tí mo ṣe fún ara mi ni pé ohun tó máa lọ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, irú bí irorẹ́ àti ibi tí abẹ fá lójú, mo lè yọ ọ́ láìbéèrè. Èyí tí wọ́n bí mọ́ èèyàn, n kì í fọwọ́ kàn án àfi bí olúwa rẹ̀ bá sọ ọ́.

Òfin náà dáa títí ìyá kan fi mú ọmọ rẹ̀ wá. Ọmọ náà kò ju bí ọdún mẹ́fà lọ, àmì ìbí kan wà lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀ lápá òsì, ó fẹ̀ bí ojú àtàǹpàkò. A ti ya bíi mẹ́wàá, ọmọ náà ń rẹ́rìn-ín, inú mi ń dùn. Ìyá rẹ̀ wá tẹjú mọ́ ẹ̀yìn kámẹ́rà, ó ní, “Bọ̀dá, ṣé ẹ máa bá mi yọ ìyẹn?” Ó ń nawọ́ sí àmì náà. Ohùn rẹ̀ kò le rárá. Mo ní a máa sọ ọ́ tó bá yá, mo sì ń bá iṣẹ́ lọ. Alẹ́ ni mo tó rí ohun tó ṣẹlẹ̀. Láti fọ́tò kọkànlá lọ, ọmọ náà ti fi ọwọ́ òsì bo ẹ̀rẹ̀kẹ́. Nínú gbogbo wọn. Ibi tó ti jókòó, ibi tó ti dúró, ibi tí mo ti pa á lẹ́rìn-ín, ọwọ́ wà níbẹ̀.

Mo pe ìyá náà, mo ní mẹ́wàá àkọ́kọ́ ló dára jù, bó ṣe wà ni mo máa fi ránṣẹ́, kí wọ́n wò ó ná. Ó wò ó. Ó ní ó dára, ṣùgbọ́n kí n ṣáà bá òun yọ ọ́ nínú ẹyọ kan, èyí tí òun máa fi sára ògiri. Mo yọ ọ́. Owó tirẹ̀ ni, ọmọ tirẹ̀ ni, èmi sì ni mo pe ara mi ní ẹni tí kì í fọwọ́ kan ohun tí wọ́n bí mọ́ èèyàn. Lange náà ní kí wọ́n pa àtàǹpàkò kan rẹ́ nínú fọ́tò ọdún 1936 yẹn, torí ó ní ó ba àwòrán jẹ́. Ti àtàǹpàkò yẹn kò dun ẹnikẹ́ni, ó kéré tán.

Ọ̀rọ̀ iye tí wọ́n ń tà á ló kù, ibẹ̀ sì ni mo ti fẹ́ràn lẹ́ńsì yìí jù. Nínú gbogbo lẹ́ńsì tuntun, ó wà lára àwọn tó rọjú jù lọ. Àlòkù rẹ̀ wá rọjú sí i. Ọ̀rẹ́ mi kan, tóun náà ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì, yáwó ra lẹ́ńsì ńlá funfun kan. Fọ́tò rẹ̀ dára ju tèmi lọ, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn, kò lè kọ iṣẹ́ kankan mọ́. Ọkùnrin kan pè mí ní àṣálẹ́ ọjọ́ kan pé kí n bá òun tẹ̀ lé ìyàwó òun, kí n ya ibi tó ń lọ àti ẹni tó ń bá a lọ, iye tó bá wù mí ni òun máa san. Mo ní n kò ṣe, mo gé fóònù. Ìwà mímọ́ kọ́ ló pọ̀ lọ́wọ́ mi. N kò jẹ gbèsè lẹ́ńsì ni, owó oṣù mi sì ń bọ̀ lópin oṣù. Mo béèrè lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi bóyá ẹni yẹn pe òun náà. Ó wo ilẹ̀.

Ìrọ̀rùn yìí náà ní ẹni tó ń ni lára. Onífọ́tò àgbà tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, “Àbúrò, ìwọ ń fi eléyìí gbafẹ́, èmi ń fi í jẹun. Bó o bá ń gba ìdajì iye tí mò ń gbà, ta ni yóò pè mí?” Mo gbé owó mi sókè kó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá tirẹ̀ dọ́gba. Oníbàárà mi mẹ́ta sá lọ. N kò mọ̀ bóyá ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n lọ. Kò dúpẹ́, kò sì yẹ kó dúpẹ́.

Bí ẹ bá fẹ́ rà á, àlòkù tó. Ẹ tan iná fóònù sẹ́yìn rẹ̀ kí ẹ wo inú gíláàsì bóyá èbu wà níbẹ̀. Ẹ yí òrùka rẹ̀ lọ bọ̀, kò gbọdọ̀ máa há. Ẹ fi ya nǹkan tó súnmọ́ àti èyí tó jìnnà, ní f/1.8, kí ẹ sì wò ó lórí kọ̀ǹpútà kí ẹ tó sanwó, ẹ má gba ojú gíláàsì ẹ̀yìn kámẹ́rà gbọ́. Ẹni tó ń ya eré bọ́ọ̀lù, ẹ má dé ìdí rẹ̀. Ẹni tí ojú máa ń tì láti bá àlejò sọ̀rọ̀, ẹ rà á, ẹ ó kọ́kọ́ kórìíra rẹ̀ fún bí oṣù mẹ́ta.

70-300mm mi ṣì wà nínú àpótí. Ẹyẹ ni mo ń fi yà báyìí, kò sì tíì sí èyí tí àbúrò rẹ̀ kọ̀wé sí mi.